Ìbọn Tí Bàbá Mi Fà Lé Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Wọn kì í ta àpótí ìbọn ní ọjà Adum ní Kumasi. Mo rin ìlà àwọn tó ń ta àpótí já, láti ibi tí wọ́n ti ń ta rédíò títí dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìfowópamọ́, mo sì ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti sọ ohun tí mo fẹ́ gbé sínú rẹ̀, ọwọ́ mi ni olùtajà máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú mi. Nígbà tó yá, mo yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní àpótí tí wọ́n ń gbé dùùrù sí ni mo ń wá, irú èyí tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé kọ́ èjìká. Wọ́n mú ọ̀kan wá fún mi, dúdú, líle, ó ní ibi tí a lè fi àgádágodo kọ́. Mo ti wọn ìbọn náà nílé kí n tó jáde. Mo yọ okùn ìwọ̀n mi nínú báàgì, mo wọn inú àpótí náà, mo sì tún un wọ̀n. Ó gbà á.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa ní Ashanti New Town ni ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi, ọmọbìnrin mi àti bàbá mi la jọ ń gbé níbẹ̀. Takoradi ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ, ó máa ń wá wò wá bí àyè bá gbà á. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n óò fi okùn ìwọ̀n wọn ọ̀nà ilé ìwé kí n tó jẹ́ kí ọmọ náà rìn ín. N kì í bá wọn jiyàn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó wá sí Kumasi, ó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ṣùgbọ́n ọdẹ ni láti ilé, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ráífù gidi ni ìbọn rẹ̀, kì í ṣe ṣakabùlà. Ọ̀gá agégẹdú kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún un kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi kò sì jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ kú rí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun dé, yóò tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sí ẹ̀yìnkùlé, yóò gbé ìbọn náà lé itan, yóò máa fi òróró nù ún. Ọmọ mi á jókòó síwájú rẹ̀, á sì bi í nípa ẹfọ̀n.

Ìtàn ẹfọ̀n yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọdẹ kan yìnbọn fún ẹfọ̀n, kò pa á. Ẹfọ̀n lé e, ó gun igi, ẹfọ̀n jókòó sí ìdí igi náà bí agbowó-orí. Ọdẹ bọ́ fìlà rẹ̀, ó jù ú sọnù, ẹfọ̀n gbọ́ òórùn rẹ̀, kò dìde. Ó ju bàtà kan, ó ju bàtà kejì. Ìgbà tó bọ́ ẹ̀wù, tó jù ú sínú odò tó ń ṣàn lábẹ́ igi, ni ẹfọ̀n tó tẹ̀ lé òórùn ẹ̀wù lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ mi máa ń bi í pé, "Ṣé ọdẹ náà padà wálé?" Bàbá mi á fi ọwọ́ pa ìdí ìbọn, á ní, "Ó padà wálé, níhòòhò, ìyá rẹ àgbà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí." Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí èmi náà á fi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ń kí ìrun ọ̀sán, ó ń jókòó, ó tún ń dìde láti kí i. Ó ń pè mí ní orúkọ arábìnrin rẹ̀ tó ti kú. Ọta ìbọn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nígbà náà. Láti ìgbà tí ọmọ mi ti ń rá kòrò ni mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Inú bí i nígbà náà. Ó ní, "Ṣé olè ni mí?" Mo ní, "Ẹ kì í ṣe olè, Bàbá. Ọmọ ló wà nílé." Ó rò ó, ó sì gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo ń ká aṣọ lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ìbọn rẹ̀ tán, ó ṣì wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ mi jáde láti ilé ìwẹ̀, ó fi aṣọ ìnura aláwọ̀ ilẹ̀ bora, ó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan. Mo rí i tí bàbá mi na ọwọ́ òsì sí mi pé kí n dúró. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú igbó.

"Má mira. Ẹtu ni."

Ó gbé ìbọn sí èjìká. Ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n bó bá di ife tíì mú kò gbọ̀n rárá. Ó fà á. Ó dún kọ́.

Mo mọ̀ pé kò sí ọta níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi, mo ń gbọ́ títutù rẹ̀ lára mi. Síbẹ̀ mo jókòó sórí aṣọ tí mo ń ká. Ọmọ mi yọ orí lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Baba, kí ló dún?" Bàbá mi wò ó, ó wo ìbọn, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó mi orí.

Ó ní, "Ó ti sá lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé. Ọmọ mi kò mọ̀ rárá. Èmi nìkan ni ìró yẹn kù sí létí.

Mo rò ó pé kí n gbé ìbọn náà lọ fún ọlọ́pàá. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé nínú ìdílé bàbá mi, ọdẹ kì í ta ìbọn rẹ̀, wọn kì í sì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń ṣe bàìbàì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbà á yóò tẹ̀ ba, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò dúpẹ́. Àgbà ọdẹ yóò ṣàdúrà, ẹni náà yóò ṣe àmín. Àgbà á wá kẹ̀yìn sí i, kò ní í bojú wẹ̀yìn, kò sì ní í fọwọ́ kan ìbọn náà mọ́ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé àbúrò òun tó ń dáko ní Tamale ni yóò gba tòun. Bàbá Kékeré ni mo máa ń pe àbúrò rẹ̀ yìí. Ọdẹ ni òun náà, ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ńkọ́?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Alihamudulilai. Jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni kó gbé e wá o. Bí ìwọ bá gbé e wá, irin lásán lo gbé wá."

A kò lè gba ojú títì lọ. Bọ́ọ̀sì kì í gba ìbọn, àwọn ṣọ́jà sì pọ̀ lójú ọ̀nà àríwá. Ìgbà tí a jọ wọkọ̀ gbẹ̀yìn pàápàá, bàbá mi bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ra awó sísun, ó wọ igbó lọ, awakọ̀ àti àwọn èrò ló bá mi wá a jáde. Bààlúù ló kù, kò tó wákàtí kan láti Kumasi dé Tamale. Mo pe àwọn tó ni bààlúù náà, mo ní kí obìnrin tó gbé fóònù tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí: inú àpótí líle tí wọ́n tì ni ìbọn ń wà, wọn yóò yọ irin ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n máa ń fà, kò gbọdọ̀ sí ọta nínú rẹ̀, ẹni tó ni ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wọ bààlúù kan náà, ọlọ́pàá yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò gbé e lọ sí abẹ́ bààlúù. Ọlọ́pàá Tamale yóò dá a padà fún wa tí a bá balẹ̀.

Mo ra fóòmù tó nípọn, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, mo gbé ìbọn lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Bàbá mi jókòó, ó ń wò mí.

"Aṣọ ta lò ń gé?"

"Aṣọ ìbọn yín ni, Bàbá."

Ó sún mọ́ tábìlì, ó fi ìka tọ ìlà ṣọ́ọ̀kì náà. Ó ní, "Fún un láyè níbi ìdí. Ó ti ń sanra." A rẹ́rìn-ín. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, ibi tí ìbọn yóò wọ̀ sí ṣí sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìbọn, èyí tí mo gé jáde náà sì dà bí ìbọn, funfun, fífúyẹ́. Mo sọ ọ́ sí abẹ́ tábìlì pẹ̀lú àkísà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo fi ọmọ mi sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta wàákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo sọ fún un nípa ikọ́ ọmọ náà, nípa ìgbòkègbodò ọkọ̀, nípa kànga tí wọn kò tíì bò ní ilé kejì. Ó ní, "Maame, máa lọ. Kì í ṣe ẹyin ni mo gbà." Awakọ̀ tákísì rí àpótí náà, ó bi bàbá mi bóyá òun ló ń tẹ dùùrù. Bàbá mi ní, "Èmi ni. Ijó ló máa ń tú ká bí mo bá tẹ̀ ẹ́." Ara rẹ̀ yá. Ó mọ ibi tí a ń lọ. Ó dárúkọ àbúrò rẹ̀ fún awakọ̀ náà, ó sọ bí wọ́n ṣe jọ máa ń dẹ ìgbín lọ́mọdé.

Ní pápá bààlúù, wọ́n ní kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọlọ́pàá tó dé. Bàbá mi jókòó, ó gbé àpótí lé itan, ó fi apá méjèèjì rọ̀gbà yí i ká. Ọlọ́pàá náà jẹ́ ọmọ Asante, ó ga, kò tíì dàgbà. Ó kí bàbá mi dáadáa ní èdè Twi, ó ṣí àpótí náà lórí itan rẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ inú ìbọn wò, ó wo irin ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo fi aṣọ wé, ó ka ìwé àṣẹ. Ó pa á dé, ó ní kí bàbá mi fúnra rẹ̀ tì í. Bàbá mi tì í. Nígbà náà ni ọlọ́pàá yìí, nítorí pé ó lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àgbàlagbà ló wà níwájú rẹ̀ tí àpótí sì wúwo, tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àpótí náà lórí itan bàbá mi.

Ó ní, "Nana, medaase." Bàbá àgbà, mo dúpẹ́.

Mo ń wo ojú bàbá mi. Mo rí i bí ó ṣe yí padà. Ó jọwọ́ àpótí náà díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó dìde dúró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ lé orí fìlà ọlọ́pàá náà.

Ó ní, "Ohun tí o bá lé, wàá bá a. Ohun tó bá lé ọ, kò ní í bá ọ. Igbó kò ní í gbà ọ́ lọ́wọ́ ilé. Bí o ṣe ń jáde lọ, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà wálé."

Ọlọ́pàá náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ àdúrà bó bá gbọ́ ọ. Ó ní, "Amen, Nana. Amen."

Bàbá mi kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Bàbá, ọ̀nà bààlúù kọ́ nìyí."

"Ilé là ń lọ. Mo ti fà á lé e lọ́wọ́." Ojú rẹ̀ ń dán. "Ọmọ tó dára ni. O rí bó ṣe gbà á?"

"Ọlọ́pàá nìyẹn, Bàbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àbúrò yín ló ń dúró dè yín ní Tamale."

"Àbúrò mi kẹ̀? Ọmọ tó ṣì wà nílé kéú? Ta ló ń fa ìbọn lé ọmọdé lọ́wọ́?"

Mo padà lọ bẹ ọlọ́pàá náà. Mo ṣàlàyé fún un, mo ní kó bá mi dá a padà sí ọwọ́ rẹ̀, kí a tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé àpótí náà wá lóòótọ́, ó yí lọ sí iwájú bàbá mi, ó ní, "Nana, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á." Bàbá mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ lo oògùn, ó sì gbé ojú kúrò. Ó ní, "Èèwọ̀ ni. Máa gbé tìrẹ lọ."

Ọmọbìnrin tó ń gba báàgì lọ́wọ́ èrò ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó nahùn sí ọlọ́pàá náà pé, "Ọ̀gá, ẹ ti joyè ọdẹ nìyẹn. Akrantie tiwa dà?" Òyà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wò mí, kò rín in mọ́.

Mo pe Bàbá Kékeré. Kí n tó sọ̀rọ̀ ni mo ti ń gbọ́ igbe àgùntàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti so ó mọ́lẹ̀ de ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó tẹ̀ ba?"

"Ó tẹ̀ ba, Bàbá Kékeré, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà?"

"Wọ́n ṣàdúrà."

"Ó ṣe àmín?"

Wọ́n ti ń pe àwọn èrò Tamale. Mo ní, "Ó ṣe é."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó ti parí nìyẹn. N kò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ìbọn bàbá oníbàbá ni."

"Bàbá Kékeré, ara wọn kò yá ni. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi fún un, kì í ṣe ọpọlọ." Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Mo gbé fóònù sí etí bàbá mi. Mo ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n." Bàbá mi tẹ́tí sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé." Bí a ṣe ń dá àlejò tí a kò mọ̀ lóhùn ló ṣe dá a lóhùn. Ó dá fóònù padà fún mi. Nígbà tí mo gbé e sí etí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, igbe àgùntàn nìkan, àti ọkùnrin kan tó ń fa imú.

Ìbọn náà kò lè lọ láìsí bàbá mi. Kò sì lè bá wa padà sílé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún mi, n kò ní í gbà á. Ọlọ́pàá náà pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbé e lọ sí àgọ́ wọn, kí n kó ọta ilé wá lọ́jọ́ kejì. Mo bu ọwọ́ lù ú. Ojú ń ti ọmọkùnrin yẹn. Ó bi mí ohun tí bàbá mi sọ nígbà tó gbé ọwọ́ lé e lórí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Twi bí mo ṣe lè ṣe é.

"Maame, kí ni kí n ṣe sí àdúrà náà?"

Mo ní, "Ẹ máa gbé e lọ. Tiyín ni."

Nínú tákísì, ọwọ́ bàbá mi wà lórí itan rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ òkè, bí ẹni pé ohun tó wúwo yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bààlúù kan gba òkè orí wa kọjá. Ó bi mí ta ló ń lọ. Mo ní àwọn èrò Tamale ni. Ó ní, "Ọlọ́run á mú wọn gúnlẹ̀."

Ohun tí mo ń wá ni mo rí gbà. Kò sí ìbọn nínú ilé wa mọ́, kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́rùn mi. Ọmọ mi lè fi aṣọ ìnura aláwọ̀ ilẹ̀ bora kó jókòó lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù títí ilẹ̀ á fi ṣú, bàbá mi kò ní í gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n kì í tẹ́ ẹní lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Bó bá ti mọ́ṣáláṣí dé, yóò jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù mi, yóò kó ọwọ́ lé orúnkún, yóò máa wo àwọn tó ń kọjá.

Ní Jímọ̀ kan láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ń wá àkísà lábẹ́ tábìlì mi, ó fa fóòmù tí mo gé jáde yọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti lọ gbé e lé itan bàbá àgbà rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Baba, ẹfọ̀n."

Bàbá mi wo ohun funfun náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Kí lèyí?"

"Ìbọn yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a padà fún un jẹ́jẹ́. "Ọmọ dáadáa, gba ohun ìṣeré rẹ. Èmi kò ṣe ọdẹ rí. Igbó ń bà mí lẹ́rù."

Ọmọ mi rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kó tẹ̀ síwájú. Nígbà tí kò sọ nǹkan kan mọ́, ó yíjú sí mi. Mo tẹjú mọ́ aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ó ń sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀: ìbọn tó dún tí kò pa á, igi tí ọdẹ gùn, ẹfọ̀n tó jókòó sí ìdí igi bí agbowó-orí. Ó ju fìlà, ó ju bàtà kan, ó ju bàtà kejì. Bàbá mi ti sún sí etí àga. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wù bọ́ sínú odò, tí ẹfọ̀n tẹ̀ lé e lọ, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Ó bi í pé, "Ṣé ọdẹ náà padà wálé?"

Ọmọ mi tún wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá àgbà rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ó padà wálé, Baba."